Omi Dídùn

Títí di òní, bí mo bá rí ọmọ Yorùbá tó dúró níwájú àgbẹ̀ Yorùbá, tó wá ń fi gẹ̀ẹ́sì bá a sọ̀rọ̀, inú mi kì í rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn ọmọ mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní mo ti le jù, pé ayé ti yí padà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó sọ mí di ẹni tó le, kí ẹ fúnra yín dá ẹjọ́ náà.

Nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1950 ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ dé sí Ìlá Ọ̀ràngún ni, mo sì ń kọ́ni ní ilé ìwé ìjọ wa. Mo ní bàtà aláwọ̀ funfun kan, mo ní àpò ìfàlọ́wọ́ kan, mo sì ní gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu. Gbogbo agbo ilé wa ló ń fi gẹ̀ẹ́sì mi yangàn. Bí lẹ́tà bá dé láti Ìbàdàn tàbí Èkó, èmi ni wọ́n á pè. Bí mo bá ń kà á, ìyá mi á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa wo ojú àwọn tó ń gbọ́ mi.

Opó ni ìyá mi. Iyọ̀ ló ń tà. Inú agbọ̀n ńlá kan ni iyọ̀ rẹ̀ máa ń wà, agolo mílíìkì ló sì fi ń wọ̀n ọ́n. Bàbá mi ti fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin. Èmi ni àkọ́bí, àwọn mẹ́ta tó tẹ̀ lé mi ṣì wà nílé ìwé. Yàtọ̀ sí iyọ̀, àkùrọ̀ kan tó wà létí odò lẹ́yìn ìlú ni à ń jẹ. Bàbá mi ló ń ro ó nígbà ayé rẹ̀. Ẹ̀fọ́, kókò, ìrèké díẹ̀, gbogbo rẹ̀ máa ń ṣe dáadáa níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ilẹ̀ ibòmíràn bá ti gbẹ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Àgbà, ti ń fojú sí àkùrọ̀ yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin àbúrò rẹ̀. Ó fẹ́ kí ọmọkùnrin òun fi gbin ìrèké láti òkè délẹ̀. Ó ní ilẹ̀ ìdílé ni, ìdílé ló sì ni agbára lórí ẹ̀. Ìyá mi kò bá a jà. Kì í ṣe oníjà. Ó kàn ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń roko bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyí nígbà tí wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì wa pé ìjọba fẹ́ kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń sin ẹja. Wọ́n ní ẹni tó bá ní ilẹ̀ létí omi, tó sì lè gbẹ́ kòtò, ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa fún un lọ́mọ ẹja. Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín. Ta ló ti rí ẹni tó ń sin ẹja bí ẹni ń sin adìyẹ? Ìyá mi na ọwọ́ sókè. Òun nìkan ló nawọ́.

Bàbá Àgbà gbọ́. Ó pè é, ó ní, “Ìyàwó, mo gbọ́ pé o fẹ́ di apẹja lórí ilẹ̀. Ó dáa. Bí iṣu tuntun bá jáde lọ́dún tó ń bọ̀, tí mo fi ẹja inú kòtò rẹ jẹ ẹ́, ìwọ lo ni àkùrọ̀ yẹn, ìwọ àtàwọn ọmọ rẹ, n kò ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Bí n kò bá rí ẹja jẹ, mo gba ilẹ̀ mi nìyẹn.” Ojú gbogbo ilé ló ti sọ ọ́. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó dúpẹ́.

Àwọn ọkùnrin ìjọ wa mẹ́fà ló bá a gbẹ́ kòtò náà. Kòtò méjì ni: ọ̀kan tóbi, tó ń dúró de òjò ọdún tó ń bọ̀ kí ó tó kún, ìkejì kéré, kò ju yàrá kékeré kan lọ, kò sì jìn ju orúnkún lọ. Inú kékeré yìí ni àwọn ọmọ ẹja máa wà títí tí wọ́n á fi gbó díẹ̀. Omi odò la fi kún un, ìkòkò lórí ìkòkò. Èmi náà pọn nínú ẹ̀, pẹ̀lú bàtà funfun mi lọ́wọ́.

Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọkùnrin tí ìjọba rán dé. Àwa ń pè é ní Ọ̀gá Ẹja. Ṣòkòtò kákí péńpé ló wọ̀, ó dé akẹtẹ̀, ó sì wọ ìbọ̀sẹ̀ dé orúnkún bí òyìnbó. Ọmọ Yorùbá ni. Awakọ̀ rẹ̀ ló sọ fún wa pé ará etí ọ̀sà ni, pé inú ọkọ̀ ojú omi ni ìyá rẹ̀ ti pọ̀n ọ́n dàgbà. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan kò jáde lẹ́nu rẹ̀ ní Yorùbá lọ́jọ́ náà. Àwọn àgbà kí i, “Ẹ káàbọ̀, sà,” ó fi gẹ̀ẹ́sì dá wọn lóhùn. Ìyá mi bu omi fún un, ó fi gẹ̀ẹ́sì dúpẹ́. Ó wá wò yíká, ó bi wọ́n léèrè ẹni tó máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ òun. Gbogbo ojú yí sí ọ̀dọ̀ mi. Ẹ ò lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Ẹ̀gàn ni ọkùnrin náà ń gàn wá, èmi sì ń yọ̀ pé wọ́n pè mí sí i.

Wọ́n sọ àwọn ọmọ ẹja kalẹ̀ nínú agolo ńlá tí wọ́n fi ń gbé epo. Epìyà àti àrọ̀ ni, wọn ò gùn ju ìka lọ, ìrìn àjò sì ti rẹ̀ wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan ti ń fi ẹ̀gbẹ́ lúwẹ̀ẹ́. Ọ̀gá Ẹja bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó sọ oúnjẹ wọn, mo túmọ̀ rẹ̀. Ó sọ bí a kò ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ewúrẹ́ dé ibẹ̀, mo túmọ̀ rẹ̀. Ó wá sọ irú omi tí wọ́n ń fẹ́. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló lò fún un ní gẹ̀ẹ́sì. Mo mọ ọ̀rọ̀ méjèèjì. Mo ti kọ́ ọ nínú ìwé, mo sì mọ ohun tí Yorùbá inú ìwé ń pè é.

Mo gbé ohùn mi sókè bí ẹni tó wà lórí àga ìwàásù. “Ọ̀gá ní omi dídùn ni àwọn ẹja yìí ń fẹ́. Omi dídùn nìkan. Bí omi wọn ò bá dùn, wọ́n á kú.”

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn, èmi ni mo fi kún un. Ọ̀gá Ẹja gbọ́ mi. Mo rí i pé ó gbọ́, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyá mi gbé ọwọ́ sókè díẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi ọ̀gá, báwo ló ṣe máa dùn tó?”

Ẹ gbọ́ ìbéèrè yẹn. Ó béèrè! Ìyá mi tí kò mọ̀wé béèrè ohun tó yẹ kí ẹni tó mọ̀wé béèrè. Mo túmọ̀ ìbéèrè náà fún ọ̀gá. Ọ̀gá Ẹja wo aago ọwọ́ rẹ̀, nítorí wọ́n ti se adìyẹ dè é ní ìlú Ọ̀tan, awakọ̀ rẹ̀ ti sọ fún wa. Ó ní kí n sọ fún obìnrin náà pé bó bá ṣe fẹ́ ẹ lẹ́nu ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ó ṣe é fún ẹja. Ó ní òun á padà wá lóṣù kan. Ó wọ ọkọ̀.

Mo túmọ̀ rẹ̀ láì fi nǹkan kan sílẹ̀: “Bí ẹ bá ṣe ń fẹ́ ẹ lẹ́nu yín, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe é fún wọn.”

Ní etí ọ̀sà, ọmọdé pàápàá mọ̀ pé omi iyọ̀ wà, omi dídùn sì wà, pé èyí tó ṣeé mu ni wọ́n ń pè ní dídùn. Ìyẹn yé ọkùnrin náà. Kò lè má yé e, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ní Ìlá tiwa, omi kan ṣoṣo la mọ̀. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé omi dùn. Ọbẹ̀ ló ń dùn, iyọ̀ ló sì ń mú un dùn. Ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, a ní ó tẹ́. Bí a bá ń sọ ọmọ lórúkọ, a ó fi iyọ̀ kàn án lẹ́nu, a ó ní kí ayé rẹ̀ dùn. Oníyọ̀ wá ni ìyá mi, ẹni tó ti ń ta adùn láti ìgbà tó ti wà ní wúńdíá.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, ó ti ìka bọ inú kòtò kékeré náà, ó fi kan ahọ́n. Ó ní, “Ó tẹ́.” Mo gbọ́ ọ. Àwàdà ni mo pè é, mo rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, ó bu agolo iyọ̀ kan síbẹ̀. Kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń sọ fún àwọn obìnrin ọjà pé òun rò ó dáadáa: ẹja odò wa, kò ju àtàǹpàkò lọ, ẹja òkun tí wọ́n ń kó wá láti Èkó, ó ga tó ọmọ ọdún mẹ́ta, inú omi iyọ̀ ló sì ti ń wá. Ta ni kò rí i pé iyọ̀ ló mú un tóbi? Ìgbà mélòó ni mo ti yí ọ̀rọ̀ yẹn sí ọ̀tún yí i sí òsì, n kò rí ibi tí òmùgọ̀ wà nínú ẹ̀. Ẹni tó lóye ló lè rò ó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó tún kó bá wa ni pé iyọ̀ àkọ́kọ́ yẹn ṣe wọ́n lóore. Àwọn tó ń fi ẹ̀gbẹ́ lúwẹ̀ẹ́ dìde. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń lé ara wọn kiri. Inú ìyá mi dùn, ó sọ ọ́ di iṣẹ́ àràárọ̀: kó tó gbé agbọ̀n lọ sọ́jà, agolo kan fún ẹja. Ọyẹ́ dé, oòrùn ń fa omi kòtò lọ sókè. Omi ń lọ, iyọ̀ ń jókòó. Ó ń pọn omi odò sí i kí ó má bàa gbẹ, ó ń tọ́ ọ wò, ó ń bu iyọ̀ sí i, títí tí omi náà fi dùn tán bí ọbẹ̀.

Oṣù kan pé, Ọ̀gá Ẹja kò wá. Oṣù kejì pé, kò wá. Mo kọ lẹ́tà sí i lẹ́ẹ̀mejì, gẹ̀ẹ́sì mi sì gún. Kò fèsì. Lákòókò yẹn, àwọn ẹja náà ò dàgbà mọ́. Orí wọn ń tóbi, ara wọn ń rù. Wọ́n kọ oúnjẹ sílẹ̀ lójú omi. Ìyá mi ní bóyá adùn omi ti ń dínkù, ó sọ agolo kan di méjì. Mo bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kan pẹ̀lú agolo lọ́wọ́, mo ní, “Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe?” Ó ní, “Mò ń tọ́jú omi.” Ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì mi ló wà lọ́kàn mi. Mo kọjá lọ.

Àwọn àrọ̀ ló kọ́kọ́ kú. Wọ́n léfòó ní àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n funfun níkùn, ìyá mi sì ń fi igbá kó wọn. Lẹ́yìn wọn ni àwọn epìyà náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìgbà yẹn ni Ọ̀gá Ẹja wá dé. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú méjì bá a wá, Bàbá Àgbà náà sì tẹ̀ lé wọn. Ọ̀gá Ẹja bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti ìka bọ omi, ó fi kan ahọ́n, ó tutọ́. Ó bú sẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá rí i bó ṣe ń fi ọwọ́ gbá itan, tí akẹtẹ̀ jábọ́ lórí ẹ̀. Nígbà tó mí, ó ní:

“Ìyá, ẹja ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ lọ́wọ́, ẹ̀yin ti ń se ọbẹ̀!”

Yorùbá ni. Yorùbá tó dán mọ́rán, tó ń dún bí ti ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè gba ẹja là, gẹ̀ẹ́sì ló rí sọ. Ọjọ́ tó fẹ́ fi ìyá mi ṣe yẹ̀yẹ́ ni ó rántí èdè ìyá rẹ̀. Ó pe àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ kí wọ́n wá tọ́ omi náà wò, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá Àgbà kò tọ́ ọ wò, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ. Ìyá mi dúró pẹ̀lú agolo rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú wọn, bí ẹni tí kò tíì mọ ohun tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé iyọ̀ ló ń pa ẹja, ó bẹ Ọ̀gá Ẹja pé epìyà díẹ̀ ṣì kù, pé kí ó bá òun sọ fún Bàbá Àgbà pé bí a bá fi omi odò nìkan tọ́jú wọn, wọ́n ṣì lè dàgbà. Òótọ́ ló sọ. Mo ti kà á nínú ìwé láti ìgbà náà wá: epìyà ń fara da iyọ̀ ju àrọ̀ lọ, bí omi rẹ̀ bá sì padà dára, ó lè padà máa tóbi. Ọ̀gá Ẹja mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún un lé lórí ni. Ó ní, “Ó ti bàjẹ́, Ìyá,” ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó lọ.

Inú ìwé kan náà ni mo ti rí ohun tó pa àwọn tó kú. Bí a bá bu iyọ̀ lé ẹ̀fọ́, omi máa ń ṣàn jáde lára ẹ̀fọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni omi iyọ̀ ṣe ń fa omi jáde lára ẹja odò. Òùngbẹ ló pa wọ́n, nínú omi. Iyọ̀ bíńtín tó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀ tù wọ́n lára lẹ́yìn ìrìn àjò, èyí tó tẹ̀ lé e sọ wọ́n di ẹja gbígbẹ láàyè. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré la lè fi sọ ọ́. Mo ti fi í kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́wàá, ó yé wọn.

Ní ọ̀sán Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bàbá Àgbà pe ẹbí jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀, mo jókòó sórí àga. Ìyá mi wà lórí ẹní.

“Ìyàwó,” Bàbá Àgbà ní, “ta ló ní kí o máa da iyọ̀ sómi?”

Ìyá mi wò mí. Kò wò mí pẹ́, ó kàn wò mí bí ẹni tó ń wo bóyá òjò ń bọ̀. Mo ní ẹnu. Mo ní gẹ̀ẹ́sì, mo ní Yorùbá. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ pé ọ̀rọ̀ mi ló tẹ̀ lé, pé olùkọ́ tí gbogbo wọn ń fi yangàn ló ṣi ọ̀rọ̀ túmọ̀, Bàbá Àgbà lè fún un ní ọdún kan sí i. Mo sì ń ro ohun tí ọ̀gá ilé ìwé wa máa sọ, àti bí àwọn ọmọ á ṣe máa fi mí rẹ́rìn-ín ní kíláàsì. Mo wo bàtà mi.

Ìyá mi ní, “Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, Bàbá. Orí ara mi ni mo lò.”

Wọ́n gba àkùrọ̀ náà. Kí iṣu tuntun tó jáde, wọ́n ti dí kòtò méjèèjì, ìrèké ti hù lórí wọn. Epìyà mọ́kànlá ló ṣẹ́ kù. Ìyá mi fi ìkòkò gbé wọn lọ sínú odò, ó tú wọn sílẹ̀. Àbúrò mi obìnrin, èyí tó tẹ̀ lé mi, kúrò nílé ìwé kí ó lè máa bá a ru iyọ̀ lọ sọ́jà Ọ̀tan àti Iresi. Ìtàn náà ti ṣáájú wọn débẹ̀, àwọn ọmọdé ibẹ̀ ló ń tò tẹ̀ lé wọn, tí wọ́n ń pe ìyá mi ní Ìyá Ọlọ́bẹ̀ Ẹja. Ó ń dáhùn. Ó ní bí wọ́n bá ti lè ra iyọ̀, kí wọ́n máa pe òun bó bá ṣe wù wọ́n.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi bínú sí Ọ̀gá Ẹja, mo ṣì ń bínú sí i. Mo bínú sí Bàbá Àgbà títí ó fi kú. Ó rọrùn láti bínú sí wọn, wọ́n jọ ẹni tó yẹ kí á bínú sí.

Ìyá mi di arúgbó nílé mi. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ó ní kò gbọ́dọ̀ fi iyọ̀ kan ẹnu mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé ọbẹ̀ síwájú rẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó ní ó tẹ́. Ó jókòó, ó ń wo inú àwo náà. Ó wá ní, láìyí ojú sí mi:

“Omi tí ọ̀gá yẹn ń wí nígbà yẹn, irú omi wo gan-an ni?”

Ó ti lé ní ogún ọdún tí kò tíì dárúkọ ọ̀rọ̀ náà sí mi létí. Mo ní, “Omi tí kò níyọ̀ ni, Màmá. Omi odò, omi òjò.”

“Èyí tí à ń mu?”

“Ẹ̀n, èyí tí à ń mu.”

Ó fi ṣíbí sílẹ̀. Ó ní, “Ṣebí omi nìyẹn? Kí ló dé tí o ò kàn pè é ní omi?”

Ó fa àwo náà mọ́ra, ó sì ń jẹ ọbẹ̀ títẹ́ náà lọ.